Orí Mẹ́fà, Òwú Méjìlá

Ajíkàwé ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn tí ò ń rìn láàárọ̀ láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi eékún rẹ̀ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ohun tó bá ṣì ń dún kò tíì kú. Àwọn obìnrin mẹ́fà inú yàrá ìránṣọ ní kí n kí ọ, oníkálukú ló sì fẹ́ kí n kí ọ fún òun lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé á tán kí n tó débi ọ̀rọ̀. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ á máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ àwọn tí nǹkan dára fún, wọn ò ní fo tìrẹ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, a sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ kà á sókè fún gbogbo wa, ìwọ náà ò sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rẹ, ló bá kà á pé kí ìyá rẹ kọ́kọ́ wo irú ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó sanwó. Ẹlẹ́tí, obìnrin tó máa ń ṣẹ́ etí aṣọ fún wa, ìyẹn la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, ní bóyá kó lè máa jẹ kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ìgbà tí mo gba ìwé náà tí mo gbé e lọ sójú fèrèsé ni mo rí i pé ọpọlọ ni, èyí tí a fi ń ronú. Jọ̀ọ́, nígbà mìíràn máa fi àmì sí i. Bàbá rẹ ti fẹ́ máa wá agbada omi.

O ní ọpọlọ yẹn ni kí n fojú sí, pé èyí tó bá ní orí mẹ́fà àti òwú méjìlá á tó ṣe iṣẹ́ wa. O ní ilé méjì ló ń ṣe é, ilé Búlúù àti ilé Pupa, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn díje, pé kí n má wo iye owó nìkan, kí n wo ohun tí owó náà máa ṣe fún mi. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n o tún wá sọ nísàlẹ̀ ìwé pé kí n ní sùúrù títí o fi máa wálé nígbà ìsinmi, kí o lè bá mi rà á. Ajíkàwé, èmi ní sùúrù, ọ̀gá àgbà ilé ìwé ni kò ní.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ọ̀gá àgbà tuntun ti dé sí ilé ìwé tí à ń rán aṣọ fún, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ti yí báàjì àpò àyà padà, ó yí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ilé ìwé náà padà pẹ̀lú. Ìwé kan àti fìtílà kan ló wà lórí báàjì tuntun, ọ̀rọ̀ náà sì wà nísàlẹ̀ wọn. Ọ̀rìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ilé ìwé ló fẹ́ rán an fún, ó sì ní òun kò fẹ́ èyí tí fìtílà rẹ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún tí ti ẹnìkejì tẹ̀ sósì, ó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọra bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà. O mọ̀ pé ọwọ́ la fi ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Ọwọ́ kì í jọ ọwọ́. Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ńlá ní ìkóríta, Onímáṣíìnì Mẹ́wàá, ti lọ sọ fún un pé òun á ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá àgbà wá fún àwa méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì kí kálukú mú báàjì kan wá kí òun wò ó. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ló ni iṣẹ́ náà, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀.

Àwa náà ní máṣíìnì tó ń fi òwú ya àwòrán sára aṣọ, èyí tí a dáwó rà ní àlòkù lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó wà lábẹ́ aṣọ ní igun yàrá bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Kò kàn gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni ni, àfi ti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ sọ àwòrán di ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ máa gbà, kó tó tú u sọ fún un. Nítorí náà, bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, kò sí báàjì. Bí kò bá sí báàjì, obìnrin mẹ́fà ló máa jókòó sílé, méjì nínú wọn sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí nìkan ló ń bọ́ ọmọ wọn. Bí o bá wà níbí, ìwọ náà ò ní ní sùúrù.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ti ilé Búlúù. Ọkùnrin tó ni ín máa ń wọ táì kódà bí ooru mú, Onítáì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Mo mú páálí òwú mi dání, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá òwú méjìlá tó wà nínú ọpọlọ yẹn bá àwọ̀ aṣọ ilé ìwé mu, àti bóyá ó máa ń já. Mo ní kó yọ òwú náà kí n fọwọ́ kàn án. Ó wò mí, ó wo páálí òwú mi, ó sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. Ó wá ṣàlàyé pé kì í ṣe òwú tí èèyàn lè fà, pé iṣẹ́ méjì méjì tí orí kọ̀ọ̀kan lè ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè é ní ọwọ́? Orí mẹ́fà, ọwọ́ méjìlá, ta ni kò ní yé? Ohun tó wà nínú yàrá ìránṣọ mi gan-an nìyẹn. Bí ó ṣe yé mi báyìí, mo bèèrè iye tó ń tà á, mo bèèrè ohun tí ti ilé Pupa fi yàtọ̀ sí i. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, kí n jẹ́ kí ọmọ mi tó wà ní ìlú ńlá wá bá òun sọ ọ́.

Ajíkàwé, o mọ̀ mí. Mo gbé páálí òwú mi sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, èmi ni mo rán aṣọ tí mo fi rí owó yìí. Èmi náà lẹ máa bá sọ̀rọ̀."

Ó fa àga fún mi.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe bàtà, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń ta ti ilé Pupa nínú yàrá tí kò ju ibùsùn méjì lọ. Kọ̀ǹpútà tó tú inú sílẹ̀ ló yí i ká. Bó bá fẹ́ tú ọ̀kan, á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, á ní pẹ̀lẹ́, kó tó yọ ìdè rẹ̀, ìyẹn ló sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ìfẹ́ kì í ran abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí n gbọ́ iye owó rẹ̀ ná.

Mi ò fi owó ṣírò rẹ̀. Owó máa ń tàn mí, òní ó wọ́n, ọ̀la ó túbọ̀ wọ́n. Aṣọ ilé ìwé ni mo fi ṣírò rẹ̀, iye aṣọ tí a máa rán kí a tó lè san án. Ọpọlọ ti ilé Búlúù jẹ́ aṣọ méjìdínlógún. Ti ilé Pupa jẹ́ mọ́kànlélógún. Nígbà tí mo sọ èyí nílé, bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí n lọ ra Búlúù. Mo ní kò tíì tán. Ẹni tó ra bọ́tìnì kò tíì ra ẹ̀wù. Pátákó kan wà tí ọpọlọ yẹn máa ń jókòó lé, tí ohun gbogbo tó kù ń so mọ́, ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ nínú lẹ́tà pé ìyá ni wọ́n ń fi pe pátákó náà. Inú mi dùn sí i, torí ìyá náà ló ń gbé gbogbo ilé ró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ ni wọ́n ń yìn. Pátákó ti ilé Búlúù jẹ́ aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ilé Pupa jẹ́ mẹ́sàn-án péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ọpọlọ wọ̀nyí máa ń gbóná bí wọ́n bá ń ronú, bíi ti àwa náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní fáànù lórí. Ti Pẹ̀lẹ́, fáànù wà nínú páálí rẹ̀. Ti Onítáì, aṣọ mẹ́ta lọ́tọ̀. Gbogbo ohun tó kù, iye kan náà ni nílé àwọn méjèèjì, torí náà mo fi wọ́n sílẹ̀. Aṣọ mẹ́rìndínlógójì fún Búlúù, ọgbọ̀n fún Pupa. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn bébà tí a fi ń gé kọ́là, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Mo padà lọ bá Onítáì, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, ó dáa, ṣùgbọ́n ti òun yára jù, pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí ẹlẹ́ran gbà ló wọ inú ìkòkò. Mo ní kó jẹ́ kí n rí eré náà. Mo ní kí òun to tirẹ̀, kí Pẹ̀lẹ́ to tirẹ̀, kí wọ́n gbé méjèèjì wá sí yàrá ìránṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí a fún wọn ní iṣẹ́ kan náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ pé Pẹ̀lẹ́ ti gbà, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní aago mélòó.

Bí wọ́n ṣe wá nìyẹn. A kó gbogbo aṣọ tí a ti gé kúrò lórí tábìlì ńlá, a gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sí i. Àwòrán ńlá kan, èyí tó máa wà lẹ́yìn aṣọ eré ìdárayá, ni a fún wọn, kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà abẹ́rẹ́. Onítáì fẹ́ fi aago ọwọ́ rẹ̀ wò ó. Mo ní rárá, aago ẹni kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni. Ẹlẹ́tí la máa fi wò ó. O mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá ni Ẹlẹ́tí ti ń ṣẹ́ etí apá aṣọ, ìwọ̀n kan náà ló fi ń ṣe é, yálà inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn. A ní kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀, kó dúró nígbà tó bá parí. Bàbá rẹ ni mo fi sídìí mítà iná lẹ́yìn ilé, kó wo iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ.

Ti Búlúù parí, Ẹlẹ́tí ti ṣẹ́ apá mẹ́rin. Ti Pupa parí, ó ti ṣẹ́ mẹ́rin àti ààbọ̀. Onítáì nà tàntàn. Òótọ́ ló sọ, tirẹ̀ yára jù, mo sì sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé ó yára jù. Bàbá rẹ wá wọlé láti ẹ̀yìn, ó ní nígbà tí Búlúù ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà mítà yí nígbà mẹ́sàn-án, nígbà tó kan Pupa, ó yí nígbà mẹ́fà. Ojú Pẹ̀lẹ́ là. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n mo wò yíká yàrá, mo rí i pé ẹni tó ń lọ aṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sínú iná nígbà eré àkọ́kọ́, ó sì ti yọ ọ́ kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ló ń jẹ iná, Búlúù la wá ń dá lẹ́bi.

Mo ní kí a tún un sá.

Wọ́n ní Màmá, ó ti tó. Mo ní kò tó. Mi ò ní fi irọ́ ra nǹkan, kódà bí irọ́ náà bá gbè mí. A yọ áyọ́ọ̀nù, a pa fáànù òkè, a pa rédíò, a ní kí bàbá rẹ padà sídìí mítà, ó sì lọ pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ń dún. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, apá mẹ́rin sí mẹ́rin àti ààbọ̀ náà ni. Mítà yí nígbà méje fún Búlúù, nígbà mẹ́fà fún Pupa. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò tó èyí tí èèyàn máa pariwo lé lórí. Láti ọjọ́ yẹn, Onítáì kò tún sọ fún mi pé kí n pe ọmọ mi wá mọ́.

Níbẹ̀ ló ti wá ṣe ohun tó da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní òun á yọ aṣọ márùn-ún kúrò lórí owó òun. Mẹ́rìndínlógójì di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ṣé o rí i? Aṣọ kan péré ló kù láàárín wọn, tirẹ̀ ló sì yára jù. Ẹlẹ́tí ní kí n gbà á kíá kó tó yí ohùn padà. Bàbá rẹ ní òun ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo jókòó sídìí máṣíìnì mi, mo fi ẹsẹ̀ sí i láìrán nǹkan kan, bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá ń ronú, mo wá bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan. Mo ní bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i lọ́dún mẹ́ta òní, tí ọpọlọ yìí kò gbé e mọ́, kí ni mo máa ṣe?

Onítáì tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, kí òun má parọ́, ọpọlọ yìí ni ìkẹyìn tí pátákó tòun máa gbà. Bí mo bá fẹ́ ọpọlọ mìíràn lọ́jọ́ iwájú, mo máa ra pátákó mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ní pátákó tòun máa gba èyí tó bá tẹ̀ lé èyí, ó sì ṣeé ṣe kó gba èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, àmọ́ òun kò lè búra lórí èyí tí òun kò tíì fojú rí. Mo fẹ́ràn kò-lè-búra yẹn ju ìbúra lọ.

Ó wá yé mi. Àwọn ọpọlọ ilé Pupa tí Pẹ̀lẹ́ ń tà, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n á dìde, àbúrò á jókòó sórí itan ìyá kan náà. Ti Onítáì, ọbàkan ni wọ́n, baba kan ló bí wọn, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń mú ìyá tirẹ̀ wá, èmi ni màá sì máa gbé ìyàwó. Nítorí ààbọ̀ apá aṣọ kan? Mi ò ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Onítáì gidigidi, mo ní bí ẹnìkan bá wà tó jẹ́ pé eré sísá ló ń wá, tí kò sì ní lọ́kàn láti pààrọ̀ nǹkan kan mọ́, màá júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún un. Ó ní òun gbọ́. Mo sì ra ti Pẹ̀lẹ́.

Fọ́ọ̀mù ìdúró kan wà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí, pé bí ọpọlọ bá kú láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó bèèrè orúkọ ẹni tó máa lò ó, mo kọ gbogbo wa méjèèje, mo sì fi kún un pé Ẹlẹ́tí kì í wá ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n má baà sọ pé a tàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí mi fún òun. Mo rò ó pé ó ti yá jù, ọjọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, ṣùgbọ́n mo ní kí gbogbo wọn jáde, mo súnmọ́ ọn, mo sì sọ ohun kan fún un ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ rí. Kò dáhùn. Pẹ̀lẹ́ wọlé, ó ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo sọ fún un ṣì ń kọ mí lóminú. Nígbà tó yá, ojú kọ̀ǹpútà náà ṣú, Pẹ̀lẹ́ ní ó sùn ni, a sì ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn fún bíi wákàtí kan kí ó tó sọ pé ariwo kì í jí i.

Àbíkẹ́yìn, èyí tó kéré jù nínú wa, tó ti kọ́ títẹ ìwé díẹ̀ rí, ló jókòó sídìí rẹ̀. Èmi ni mo di bébà kékeré tí ọ̀gá àgbà ya báàjì sí mú, èmi ni mo ń pe lẹ́tà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Mo ní kó máa tẹ̀. Máṣíìnì tó ti ń sùn ní igun láti ọdún méjì jí, ó sì rán báàjì náà, ìwé, fìtílà, gbogbo rẹ̀ gún régé. A pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì mo wọ aṣọ mi tó dára, mo gbé e lọ sí ilé ìwé.

Ti Onímáṣíìnì Mẹ́wàá ti wà lórí tábìlì nígbà tí mo dé. Ọ̀gá àgbà gba tiwa, ó wò ó, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó wá kà á sókè. Ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ilé ìwé náà ni IṢẸ́ ÀTI ÌWÀ. Ohun tó wà lórí tiwa ni IṢẸ́ ÀTI ÌYÀ.

Igbákejì rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní àwọn olùkọ́ kò ní lòdì sí èyí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Ajíkàwé, ó fún mi lọ́nà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á kúrò lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi ṣe ti ẹ̀rọ, kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ náà fún báàjì ọ̀rìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún, mo sì mọ ohun tí mo ti ń mọ̀ láti bí oṣù mẹ́jọ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín.

Mo ní, "Ẹ̀rọ kò ṣì í, Mà. Ojú mi ló ṣì í."

Ó ní wákàtí méjì ló kù kí wọ́n ti géètì.

Mo rìn, mo sáré, mo tún rìn. Nígbà tí mo bi wọ́n nílé bóyá ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ náà, Ẹlẹ́tí ní òun kà á, pé òun rò pé bí obìnrin yẹn ṣe le tó, ohun tó máa fẹ́ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn gba bébà lọ́wọ́ mi, ó yọ lẹ́tà kan, ó fi òmíràn sí i. Lẹ́tà kan péré. Kọ̀ǹpútà rò ó kí Ẹlẹ́tí tó rí ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, máṣíìnì rán an, a gé òwú ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe máa ń ṣe. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, ọjọ́ méjì ni màá fi tú u. Ẹ̀ṣọ́ ti di géètì mú nígbà tí mo padà dé.

Ọ̀gá àgbà gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iwájú wọn dọ́gba. Ó yí wọn padà. Ẹ̀yìn ti Onímáṣíìnì Mẹ́wàá rí bí irun tí a kò yà, tiwa mọ́ bí iwájú rẹ̀. Ó bèèrè ẹ̀rọ tó ṣe èyí. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rọ, obìnrin mẹ́fà ni. Ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. A ti bẹ̀rẹ̀, a ti rán àádọ́rin.

Ní báyìí, ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Má fi owó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, a ti rà á. Má sì fi èyí tí o ti lò nílé rẹ ránṣẹ́, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́. Pẹ̀lẹ́ ní a lè fi ìrántí díẹ̀ kún èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, bàbá rẹ sì ní bí o bá ń rà á, kí o ra méjì, torí òun kò mọ ibi tí òun gbé kọ́kọ́rọ́ sí. Èyí lè dúró.

Èyí tí kò lè dúró ni ti ojú mi. Mo ti lọ rí dókítà ojú. Ó ní dígí ni ti ọwọ́ ọ̀tún, pé awọ kan ti ń bo ti òsì, pé wọ́n lè mú un kúrò, pé kò ní pẹ́, kò sì ní dùn mí tó bí mo ṣe rò. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ ṣe ojú kí n tó ra kọ̀ǹpútà. Obìnrin mẹ́fà ló ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, èmi nìkan ni mò ń fi ojú mi ríran. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ nìyẹn, mo sì máa tún un ṣírò bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ojú ló kàn báyìí. Fi iye tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́, èmi náà á fi tèmi kún un. Má bínú pé mi ò tètè sọ. Bí o bá rí i pé ìlà kan gun orí ìlà kejì nínú ìwé yìí, mo fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀, mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ bá mi kọ ọ́.

Ọmọ mi, ohun tí o bá fi òógùn rẹ rà, kò ní já ọ kulẹ̀. Àwọn tí o bá wà láàárín wọn kò ní sọ pé kí o lọ pe ẹlòmíràn wá kí wọ́n tó bá ọ sọ̀rọ̀. Ojú tìrẹ á mọ́lẹ̀ dọjọ́ alẹ́ rẹ. Nígbà tí o bá wálé, màá rí ọ láti ìdí géètì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ